Dídúró De Ìró: Sonic Pi àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ń Fi Kóòdù Kọ́ Orin

Ìfáàrà

Kíkọ kóòdù lójú agbo ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ yìí mu jù lọ ní èdè Yorùbá. Olórin tí ń ṣe é kò mú gìtá lọ́wọ́, kò sì gbé ìlù kọ́ apá. Kọ̀ǹpútà ni ó gbé ka iwájú. Ó ń tẹ àṣẹ sínú rẹ̀ lójú àwọn ènìyàn, bí ó sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni orin ń jáde. Bí ó bá yí nọ́ńbà kan padà, orin yóò yí padà láìjẹ́ pé ó dákẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2004, ní ìlú Hamburg ní orílẹ̀-èdè Jámánì, àwọn kan tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dá ẹgbẹ́ TOPLAP sílẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ẹgbẹ́ náà ń béèrè ni pé kí olórin fi ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ han àwọn òǹwòran, kí ó má ṣe fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pamọ́. Láti ọdún 2012 ni àwọn òde ijó tí wọ́n ń pè ní algorave ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jó sí orin tí wọ́n ń kọ lójú wọn.

Láàrin àwọn irinṣẹ́ tí ó wà fún iṣẹ́ yìí, Sonic Pi wà lára àwọn tí ó sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jù lọ. Sam Aaron ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2012, nígbà tí ó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Cambridge. Ọdún yẹn gan-an ni Raspberry Pi jáde, kọ̀ǹpútà kékeré tí ẹ̀dà rẹ̀ kan jẹ́ dọ́là 35, tí wọ́n ṣe kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ní èyí tí yóò fi dánra wò. Torí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Sonic Pi ṣe wáyé, kí wọ́n lè ti ipasẹ̀ orin kọ́ bí ènìyàn ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Orí èdè Ruby ni wọ́n gbé e kà. SuperCollider, tí James McCartney kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1996, ni ó ń pèsè ìró lábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó dìde fún ẹni tí ó bá fi ojú lámèyítọ́ wo irinṣẹ́ yìí ni pé, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nínú rẹ̀ gan-an? Ṣé orin ni, àbí kóòdù? Bí wọ́n bá tú ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò hàn pé olùkọ́ gidi ni Sonic Pi lórí ohun kan, ìyẹn ni dídúró de àsìkò. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣeé kà ní nọ́ńbà, etí akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ènìyàn tí ó yí i ká ni yóò kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ibi tí ààlà méjèèjì wà yóò máa pe ara rẹ̀ ní olórin nígbà tí ó jẹ́ adàwékọ lásán.

Àsìkò tí ó di ọ̀rọ̀

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lè má ju ìlà mẹ́ta lọ:

play 60
sleep 0.5
play 67

Nọ́ńbà 60 dúró fún ohùn C tí ó wà ní àárín dùùrù. 67 dúró fún G tí ó wà lókè rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yọ ìlà kejì kúrò, ohùn méjèèjì yóò dún papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí ni yóò ti kọ́kọ́ rí i pé kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí ń jẹ́ "lẹ́yìn náà" àfi bí ènìyàn bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Nínú ìwé kíkà, gbólóhùn kejì ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó wà. Nínú orin, ìtẹ̀léra kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan wà, ọ̀rọ̀ ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ orin ni ó máa ń fi ohùn ṣíwájú, tí wọ́n á sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bá àsìkò pàdé nígbà tí ó bá yá. Sonic Pi kò gba irú ìfàsẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Láti ìlà kejì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ní láti sọ iye àsìkò tí ó fẹ́, kí ó sì sọ ọ́ ní nọ́ńbà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn fún un, sleep, ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Sùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé nígbà tí kọ̀ǹpútà bá sùn, orin náà dákẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìró tí ó ti bẹ̀rẹ̀ yóò máa dún lọ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Kọ̀ǹpútà ni ó dúró díẹ̀ kí ó tó ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí ènìyàn bá kọ play 60, release: 4, tí ó sì fi sleep 0.5 tẹ̀lé e, ohùn àkọ́kọ́ yóò ṣì máa dún nígbà tí ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin bá wọlé bá a. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ̀ níbí: bí ìró kan ṣe pẹ́ tó, àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí òmíràn tó wọlé.

Ọwọ́ onílù ti mọ ìyàtọ̀ yìí. Agogo tí wọ́n lù tí wọ́n sì fi sílẹ̀ yóò máa dún lọ. Èyí tí wọ́n lù tí wọ́n fi ọwọ́ dì mú yóò gé kúrú. Síbẹ̀, àlàfo tí ó wà láàrin ìró kan àti èyí tí ó tẹ̀lé e lè jẹ́ ọ̀kan náà nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé dúró ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá iṣẹ́ sleep mu, kì í ṣe sùn, kì í sì í ṣe dákẹ́. Ẹni tí ó dúró kò sùn. Ó ń ṣọ́nà.

Ọ̀rọ̀ dídúró yìí fún àwọn tí ó ṣe irinṣẹ́ náà pàápàá ní iṣẹ́. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, sleep 0.5 ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí ó bá parí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì ń gba àkókò, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Àwọn ìpẹ́ kéékèèké wọ̀nyí ń ṣù jọ, orin á sì máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ẹ̀dà kejì, wọ́n yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà padà. Kọ̀ǹpútà yóò yọ àkókò tí ó fi ṣiṣẹ́ kúrò nínú àkókò tí ó yẹ kí ó fi dúró, kí ìró tí ó kàn lè bọ́ sí àyè rẹ̀ gan-an. Aaron, Dominic Orchard àti Alan Blackwell ṣe àlàyé ọ̀nà yìí nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014. Lójú onímọ̀ èdè, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹ ní àkíyèsí: ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní "dúró fún báyìí" ó ti di "dúró di ìgbà báyìí". Onílù tí ó mọ iṣẹ́ kò ṣe méjì ju èyí lọ. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ níbì kan, kì í gbé ìpẹ́ náà lọ síwájú. Ó ń dí i nínú ìró tí ó kàn, nítorí pé ẹsẹ̀ oníjó kò ní dúró dè é.

Àyípo àti àṣìṣe oríṣi méjì

Ohun tí ó sọ Sonic Pi di irinṣẹ́ ojú agbo ni live_loop, àyípo tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tún ṣe nígbà tí ó ń lọ lọ́wọ́:

live_loop :ilu do
  sample :bd_haus
  sleep 0.5
end

Bí ó bá tẹ Run, ìlù yóò máa dún láìdáwọ́ dúró. Bí ó bá yí 0.5 sí 0.25, tí ó tún tẹ Run, àyípo tí ó ń lọ yóò kọ́kọ́ parí, kí tuntun tó bọ́ sí ipò rẹ̀. Bí ó bá gbàgbé láti fi sleep sínú rẹ̀, Sonic Pi yóò dá àyípo náà dúró, yóò sì sọ fún un pé àyípo rẹ̀ kò sinmi. Òfin yìí wúlò fún kọ̀ǹpútà, ó sì tún wúlò fún orin, nítorí pé ìlù tí kò ní àlàfo kankan ti kúrò ní ìlù, ariwo ni.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi gírámà kọ, bóyá ó gbàgbé end tàbí kò fi àmì sí ibi tí ó yẹ, Sonic Pi yóò fi ìlà tí àṣìṣe wà hàn án, orin tí ó ti ń dún tẹ́lẹ̀ yóò sì máa lọ. Inú rere ńlá ni èyí jẹ́ sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Irinṣẹ́ yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti wo iwájú, kí ó tún àṣẹ rẹ̀ kọ, kí ó sì máa bá eré lọ láìjẹ́ pé ìtìjú dá a dúró.

Àmọ́ àṣìṣe gírámà nìkan ni kọ̀ǹpútà lè rí. Nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé gbólóhùn lè bá gírámà mu láìní ìtumọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú kóòdù orin. Ìṣòro kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọlù ní kùtùkùtù. Ó ti ní àyípo ìlù kan tí ń dún, ó wá kọ àyípo kejì fún agogo, ó sì tẹ Run. Agogo bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tí ìka rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, kì í ṣe ní ìgbà tí ìlù bẹ̀rẹ̀ àyípo tuntun. Àwọn méjèèjì ń rìn ní ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò bá ara wọn mu. Kò sí àmì àṣìṣe kankan lójú kọ̀ǹpútà. Gírámà pé, nọ́ńbà pé, orin kò pé.

Oògùn rẹ̀ wà nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Sonic Pi: akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ live_loop :agogo, sync: :ilu do, agogo yóò sì dúró de ìlù kí ó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan kan kò tọ́, kò ní wá oògùn. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, gúdúgúdú kì í kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Òun ni àwọn yòókù ń fi etí sí kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn yóò bọ́ sí. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àgbà onílù máa ń pẹ́ nídìí gbígbọ́ kí wọ́n tó gbé ìlù tí ń sọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́. Nínú Sonic Pi, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ó lè gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó di olórí ẹgbẹ́ onílù mẹ́rin. Agbára ti dé ọwọ́ rẹ̀ kí etí rẹ̀ tó là.

Ètò ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sì dá kún ìṣòro yìí. Orí kìíní fi ojú agbo han akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣókí. Lẹ́yìn ìró ẹ̀rọ ní orí kejì àti ìró àkásílẹ̀ ní orí kẹta, orí kẹrin bọ́ sórí jíjẹ́ kí kọ̀ǹpútà yan ohùn fúnra rẹ̀. Orí keje ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bí ó ṣe lè darí ìró tí ó ti ń dún; orí kẹsàn-án ni wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ ojú agbo múlẹ̀. Ètò yìí bá ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà mu. Kò bá ti orin mu tó bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ìlà kan ní orí kẹrin, tí ó gbọ́ ọgọ́rùn-ún ohùn tí ó dára létí, yóò rò pé òun ni ó dá orin náà. Bí ó bá pa á, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀, yóò bá ohùn kan náà pàdé ní ìtẹ̀léra kan náà, nítorí pé yíyàn tí Sonic Pi ń ṣe kì í ṣe ti kádàrá. Orí ìtòlẹ́sẹẹsẹ nọ́ńbà tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó ń tọ̀. Ó lè fi use_random_seed yan ibòmíràn nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà. Ìgbà tí ó bá dán mẹ́wàá wò, tí ó sì mú ọ̀kan nínú wọn, tí ó lè sọ ìdí rẹ̀, ni ìdájọ́ olórin tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ohùn tí ó wà láàrin nọ́ńbà méjì

Èdè Yorùbá ní ohùn mẹ́ta, ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ìlù dùndún lè yan 55 fún ìsàlẹ̀, 60 fún àárín, àti 64 fún òkè. Bàtà tí ènìyàn ń wọ̀ sí ẹsẹ̀ yóò jẹ́ 55 àti 55. Bàtá tí wọ́n ń lù yóò jẹ́ 55 àti 64. Lórí ìwé, ó pé. Létí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, kò tíì pé. Ohùn òkè tí ó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ni ó ń gun òkè láti ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn ìsàlẹ̀ tí ó tẹ̀lé ti òkè ń yọ́ wálẹ̀. Onídùndún ń fi ọwọ́ fún ọṣán ìlù, ó ń dẹ̀ ẹ́, kí awọ lè gbé ìrìn ohùn náà jáde. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí Akin Euba ṣe àyẹ̀wò nínú ìwé tí ó kọ lórí ìlànà dùndún ní ọdún 1990.

Sonic Pi kò yarọ níbí. Ó gba nọ́ńbà tí kì í ṣe odidi, bíi 60.5. Ó tún gbà kí ohùn kan máa rìn lọ bá òmíràn:

s = play 55, sustain: 1, note_slide: 0.3
sleep 0.5
control s, note: 64

Ìlà àkọ́kọ́ gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Ìlà kẹta mú un gòkè láàrin ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yí 0.3 sí 0.05, yóò gbọ́ fífò. Bí ó bá sọ ọ́ di 0.8, yóò gbọ́ ìfàgùn tí kò jọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ibì kan wà láàrin méjèèjì tí "bàtá" wà. Ìwé kankan kò lè sọ nọ́ńbà náà fún un, torí pé ó ń yí padà bí ọ̀rọ̀ bá yára tàbí tí ó bá falẹ̀. Etí tí ó ti gbọ́ èdè náà ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ohùn èdè kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí kò yí padà. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè bàbá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé. Àjọṣe tí ó wà láàrin ohùn kan àti èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbé ìtumọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti rí èyí yóò fi 55 àti 64 sílẹ̀. Yóò kọ ipile = 55, lẹ́yìn náà yóò máa kọ play ipile àti play ipile + 9. Nígbà tí ó bá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo náà padà, gbogbo ọ̀rọ̀ ìlù náà yóò gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ papọ̀ láìsọ ìtumọ̀ nù. Níbí, kóòdù àti èdè kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n èdè ni ó mú ìbéèrè náà wá.

Agogo tí ó sọ orúkọ rẹ̀ nù

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Sonic Pi tí ó kan ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n. Spread ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín ìró díẹ̀ sáàrin àyè púpọ̀, kí wọ́n lè jìnnà síra wọn lọ́gbọọgba bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Bí ènìyàn bá ní kí ó pín ìró mẹ́ta sí àyè mẹ́jọ, ohun tí yóò jáde nìyí, tí x dúró fún ìró, tí àmì ìdánudúró sì dúró fún àlàfo:

x . . x . . x .

Bátànì tí wọ́n mọ̀ sí tresillo ní Kúbà ni. Ní ọdún 2005, Godfried Toussaint, tí ó wà ní Yunifásítì McGill ní Kánádà nígbà náà, fi hàn pé ìlànà ìṣirò àtijọ́ tí wọ́n fi orúkọ Euclid pè lè bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú bátànì báyìí. Ọ̀kan nínú wọn ni ìró méje nínú àyè méjìlá:

x . x x . x . x x . x .

Toussaint tọ́ka sí i pé bátànì agogo tí ó wọ́pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni, ó sì fi ti Ashanti ní Gánà ṣe àpẹẹrẹ. Kí ìmọ̀ ìṣirò tó dé ibẹ̀, àwọn onímọ̀ orin ti ń jíròrò lórí rẹ̀. Ní ọdún 1960, Anthony King kọ àpilẹ̀kọ lórí bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú orin Yorùbá. Àwọn Ewe ní Gánà àti Tógò ń lù ú nínú Agbadza. Ó sì tẹ̀lé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà, níbi tí ó ti ń dún nínú bembé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí:

x . x . x x . x . x . x

Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka bátànì Toussaint láti orí ìró kẹta, tí ó sì yí i po, èyí gan-an ni yóò bá pàdé. Lójú ìṣirò, nǹkan kan náà ni wọ́n. Lójú ẹni tí ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀, wọn kì í ṣe nǹkan kan náà rárá, nítorí ibi tí bátànì ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò balẹ̀. Kofi Agawu, onímọ̀ orin ọmọ Gánà, ya àpilẹ̀kọ gígùn kan sọ́tọ̀ fún bátànì yìí ní ọdún 2006. Ibẹ̀ ni ó ti fi hàn pé títúpalẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ nìkan kò tó, pé ènìyàn gbọ́dọ̀ wo àṣà àti ijó tí ó gbé e ró. Kóòdù tí ó kọ spread 7, 12 kò ní ijó nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Accra, ní Lomé tàbí ní Ìbàdàn lè tẹ nọ́ńbà méjì yìí, kí ó gbọ́ ohun tí ń jáde, kí ó sì kà á sí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ pé agogo yìí gan-an ni wọ́n ń lù nínú ọdún ìdílé rẹ̀.

Ọ̀ràn náà kò mọ sí agogo. Lára ìró àkásílẹ̀ tí ó wà nínú Sonic Pi ni loop_amen. Orúkọ náà wá láti inú ìlù tí Gregory Coleman lù ní ọdún 1969 nígbà tí ẹgbẹ́ The Winstons ní Amẹ́ríkà gbé àwo "Amen, Brother" jáde. Àìmọye olórin ni ó ti gé ìlù yẹn lò. Coleman kò rí owó kankan gbà lórí rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2006. Akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ amen, ìlù á dún, orúkọ ẹni tí ó lù ú kò sí níbẹ̀. Inú àpótí ìró kan náà, ìró tabla ti ilẹ̀ Íńdíà wà, ti gángan kò sí. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ètùtù, nítorí pé Sonic Pi gbà kí ènìyàn gbé ìró tí ó fi fóònù rẹ̀ gbà sílẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé e wọlé gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ó yẹ ní gbígbé.

Ọ̀nà tí ó dára jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó fi spread sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì kọ àlàfo agogo náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀:

live_loop :agogo do
  [2, 2, 1, 2, 2, 2, 1].each do |iye|
    sample :drum_cowbell
    sleep iye * 0.25
  end
end

Àwọn nọ́ńbà méje wọ̀nyí jẹ́ méjìlá bí wọ́n bá ro wọ́n pọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kà á. Ó ti gbọ́ ibi tí àlàfo ti gùn àti ibi tí ó ti kúrú, ó sì ti yan ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pàtẹ́wọ́ sí i, tí pàtẹ́wọ́ náà kò bọ́ sí i, yóò mọ̀ pé òun ṣì ní nǹkan láti kọ́.

Orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ rẹ̀

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ àṣẹ inú Sonic Pi. Ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè há ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sórí, kí ó sì lò wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn olórin kárí ayé ṣe ń lo ọ̀rọ̀ Ítálì láìgbọ́ Ítálì. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàrin kí ènìyàn lo ọ̀rọ̀ àti kí ọ̀rọ̀ máa ràn án lọ́wọ́ láti ronú, ọ̀rọ̀ sleep sì ti fi èyí hàn. Sonic Pi fi àyè sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ iṣẹ́ kan ní orúkọ tí ó bá wù ú:

define :duro do |iye|
  sleep iye
end

Láti ìgbà náà lọ, ó lè máa kọ duro 0.5. Kọ̀ǹpútà kò rí ìyàtọ̀ kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó rí i. Ó lè sọ àyípo rẹ̀ ní gudugudu àti keriker​i, kí ẹni tí ó bá wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè mọ ipò tí ìró kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹgbẹ́. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ti wà, Yorlang ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ tí ó yẹ ní ìyìn ni. Ṣùgbọ́n títúmọ̀ ọ̀rọ̀ àṣẹ lásán kò tó. Bí olùtumọ̀ bá sọ sleep di sùn, ó ti gbé àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì wọ inú Yorùbá. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di dúró ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Sísọ nǹkan lórúkọ jẹ́ ìdánwò òye, ó sì yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ń lo irinṣẹ́ yìí nílé-ẹ̀kọ́ fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìkádìí

Ẹgbẹ́ TOPLAP ní kí olórin fi ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn, ohun rere sì ni, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wà láàrin òǹwòran lè ka iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni ka ìwé. Àmọ́ ojú kọ̀ǹpútà kì í fi etí olórin hàn. Ó ń fi 0.3 hàn, kò fi 0.05 àti 0.8 tí ó ti gbọ́ tí ó sì kọ̀ sílẹ̀ hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá da 0.3 kọ ti mú èso, ó ti fi igi sílẹ̀.

Nítorí náà, ìyìn tí ó tọ́ sí Sonic Pi kò kéré. Ó fi orin sí àrọ́wọ́tó ẹni tí kò ní owó dùùrù, ó sọ àṣìṣe di ohun tí kò ba ojú jẹ́, ó sì fi dídúró kọ́ni láti ọjọ́ kìíní, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ olórin kì í kọ́ títí wọn yóò fi darúgbó. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ó ń jẹ́ kí ohun tí ó rọrùn láti kà dà bí ẹni pé òun ni gbogbo orin. Ibi tí bátànì ti bẹ̀rẹ̀, ìrìn ohùn láàrin nọ́ńbà méjì, orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ lu ìlù kan, kò sí èyí tí kọ̀ǹpútà yóò sọ pé ó sọnù. Olùkọ́ tí ó bá fi irinṣẹ́ yìí lé ọmọ lọ́wọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní iṣẹ́ kan láti ṣe kí ó tó sọ̀rọ̀ kóòdù rárá: kí ó mú ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń lu agogo, kí ó sì jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ká àlàfo méje náà.